Èékánná Bùrẹ́ímọ̀ Ṣójà

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ìbọn mọ́kànlélógún ni àwọn ṣójà yìn! Bí mo ṣe ń yọ orí báyìí, gbogbo bárékè tó wà ní Èkó ló nà ró ṣánṣán, wọ́n ní, 'Sà!' Ọgọ́rùn-ún ẹyẹlé funfun ló fò gba ojú fèrèsé wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé ẹyẹlé ló gé ìwọ́ mi? Ẹnu ló fi gé e, kẹ́ú báyìí, ẹ̀jẹ̀ kan ò sì ta sílẹ̀."

Sàlísù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Orí bẹ́ńṣì ló gùn, ní kíláàsì wa ní Ibafo, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Jánúárì ọdún 2007. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀, ará Ìwó tó wá háyà yàrá kan ní Lotto, ní Mowe. Ọmọ náà ga, ó tínrín, ẹnu nìkan ló sanra lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹnu Sàlísù dí kòtò ojú títì márosẹ̀, tírélà márùn-ún á gun orí rẹ̀ kọjá, kò ní jìn. Ó ti sọ fún wa rí pé òun bá ọ̀nì jìjàkadì nínú odò Ògùn, tí ọ̀nì náà sì bẹ òun pé kí òun ṣàánú, ìyàwó òun ọ̀nì ń bẹ nílé.

Èmi náà kì í ṣe ẹni tí irọ́ ń bà lẹ́rù, ẹ̀yin náà ti ń rí i. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi iyọ̀ kún un. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Ohun tó gbé Sàlísù gun bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà ni pé Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé, tó ń kọ́ wa nípa ìjọba, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Bàbá náà kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, kíláàsì á pa rọ́rọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ló wí, "ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Jánúárì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹrù tó rù pọ̀. Ní 1966, ọjọ́ yẹn ni àwọn ọ̀gá ṣójà kan dìtẹ̀ sí ìjọba, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kàdúná. Ní 1970, ọjọ́ yẹn gan-an ni ogun abẹ́lé parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọjọ́ ìrántí àwọn ṣójà tó kú kúrò nínú oṣù kọkànlá, wọ́n gbé e wá síbẹ̀." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọjọ́ tó bá rẹrù tó báyìí, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀."

Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kẹ̀! Ọjọ́ ìbí Sàlísù náà ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Jánúárì. Lójú tirẹ̀, òun ló ni ọjọ́ náà. Ìdìtẹ̀, ogun, ìrántí, àlejò ni gbogbo wọn.

"Gbogbo ṣójà tó kú ló mọ̀ mí," ló tún wí, ó ń gbá àyà. "Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á dá mi lóhùn."

Adébánjí ló dá a lóhùn kí òkú tó ráyè. Magboro ni Adébánjí ń gbé, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo ju òun lọ. "Pe ọ̀kan ká gbọ́! Irọ́ burúkú! Rédíò tí ò ní bátìrì ni ẹ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ròkíátù tó jókòó sí ìdí fèrèsé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣeré níṣojú mi."

"Kí ló dé, ìyàwó ṣójà?" ni Adébánjí wí.

"Ọmọọmọ ṣójà ni mí." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ìyá ìyá mi ni mò ń gbé lọ́dọ̀. Ìyá Ìbíwùnmí. Bùrẹ́ímọ̀ ni orúkọ ọkọ wọn. Ó wọṣẹ́ ṣójà ní 1967, ó fi oyún ìyá mi sílẹ̀ lọ sógun. Nígbà tí wọ́n ní ogun parí, àwọn tí wọ́n jọ lọ ń dé ní méjì méjì, òun ò dé. Wọ́n ní ó ti kú. Ìyá àgbà ní, ta ló rí i? Irun rẹ̀ dà? Èékánná rẹ̀ dà?"

Ẹni tó bá kú sí ẹ̀yìn odi, tí kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni àwọn ará rẹ̀ ń gé bọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń dì sínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń sin bí ẹni sin odindi ènìyàn. Wọn ò mú ti Bùrẹ́ímọ̀ dé. Nítorí náà Ìyá Ìbíwùnmí kò sin ín, kò ṣe opó rẹ̀, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó kàn jókòó dè é.

"Bí ọjọ́ yẹn bá ti pé lọ́dọọdún," ni Ròkíátù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "wọ́n á ro láfún láàárọ̀, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á jókòó tì í. Nígbà tí bàbá àgbà wà nílé, bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, fèrè ìbẹ́pẹ ni wọ́n máa ń fọn láti òkèèrè, kí Ìyá àgbà lè tètè gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀. Fín, fín, fíììn. Fèrè yẹn ni Ìyá àgbà ń dúró dè. Ẹ ti gbọ́ báyìí. Ẹ yé fi ṣeré."

Eṣinṣin kan tó ń fò dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́.

Bí a ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́, Adébánjí na Sàlísù ní ìgbọ̀nwọ́. "O ti gba nọ́ńbà òkú báyìí o. Ó kù kí o fláàṣì ẹ̀."

"Ta ni?"

"Bùrẹ́ímọ̀ ṣójà. Fèrè ìbẹ́pẹ ni nọ́ńbà ẹ̀. Bí o bá pè é láàárọ̀ Monday tó sì dá ẹ lóhùn, èmi ni màá máa ru báàgì ẹ títí a ó fi ṣe Wáẹ́ẹ̀kì. Bí kò bá dá ẹ lóhùn, ìwọ ni wàá ru tèmi, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á sì máa pè ẹ́ ní Rédíò Aláìníbátìrì."

Ẹnu tó ń pa irọ́ tó tó erin yẹn, kò ṣòro fún un láti sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú lójú wa ń bà á lẹ́rù ju òkú lọ.

"Kí lẹ rò pé mo jẹ́?" ló wí. "Màá pè é. Kò ní dáhùn lásán, á bọ̀ mí lọ́wọ́!"

Ọjọ́ Ajé mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́. Ọyẹ́ ti ń jà bọ̀ tẹ́lẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni kùrukùru wá dì mọ́ ọn. Ó nípọn débi pé bí o bá na ọwọ́ síwájú, àwọn ìka rẹ á dágbére fún ọ. Lójú títì márosẹ̀, àwọn tírélà tan iná bí ẹni pé ilẹ̀ ò tíì mọ́. A ò rí wọn, ìró wọn nìkan là ń gbọ́: fùùù, ilẹ̀ á mì, gbogbo nǹkan á tún dákẹ́. Òórùn igbó jíjó gba gbogbo afẹ́fẹ́.

Ilé Ìyá Ìbíwùnmí jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́ kan tó ṣẹ́kù láàárín àwọn ilé búlọ́ọ̀kù tuntun, kò sì jìnnà sí títì. Èmi àti Adébánjí lúgọ sẹ́yìn ògiri ilé kan tí wọn ò tíì parí. Sàlísù nìkan ló wọ inú koríko gbígbẹ tó wà láàárín ilé màmá náà àti títì, òun àti fèrè ìbẹ́pẹ tó gé ní Lotto. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú kùrukùru yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, lọ́jọ́ tí kò sí okun irọ́ nínú rẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbíwùnmí jókòó sórí àpótí níwájú ilé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ọjọ́ ti pẹ́. Abọ́ láfún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àwo dé e. Ròkíátù ti lọ pọn omi, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Sàlísù fọn ọ́n. Fín, fín, fíììn.

Màmá náà gbé orí sókè. Kò mira. Sàlísù fi eyín di ètè mú kí ẹ̀rín má baà sá jáde, ó tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Ìbíwùnmí dìde. Ọ̀pá rẹ̀ wà lára ògiri, kò mú un. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn arúgbó. Ohùn ìyàwó tuntun ni.

"Bùrẹ́ímọ̀? Oúnjẹ rẹ ti tutù."

Ẹ̀rín kú mọ́ Sàlísù nínú.

Màmá náà wọ inú koríko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ ewé gbígbẹ, wárá, wárá, ó ń bọ̀ tààrà bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Sàlísù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó ní òun ìbá ti ju fèrè náà nù, àmọ́ òun rántí pé à ń gbọ́ òun lẹ́yìn ògiri, òun sì rántí báàgì Adébánjí. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí eré náà lè parí dáadáa.

Ohun tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi. Etí èmi náà ló gbọ́ ọ. Láti apá títì, níbi tí Sàlísù kò sí, fèrè mìíràn dáhùn.

Fín. Fín. Fíììììn.

Ó gbẹ, ó sì jìn, bí fèrè tí wọ́n ti gé sílẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Adébánjí di apá mi mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já a kúrò léjìká.

"Ìwọ náà gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni mo wí, eyín mi sì ń gbá ara wọn bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́.

Màmá náà dúró. Ó yí padà kúrò lọ́dọ̀ Sàlísù, ó kọjú sí títì. "Mo ń bọ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Dúró dè mí. Má tún lọ o." Ó sì ń yára. Obìnrin tí kì í lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìmú ọ̀pá, ó ń sáré wọ inú funfun yẹn.

Sàlísù sá tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ti ń mì. Ó rí iná méjì tó pupa bí ojú ẹranko nínú kùrukùru, ó rí ẹ̀yìn màmá náà létí ọ̀dà, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú. Ó fò mọ́ ọn, ó gba ìró rẹ̀ mú, ó fà á. Tírélà náà kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ dá àwọn méjèèjì nù sínú koríko.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọwọ́ màmá náà wà lọ́wọ́ Sàlísù. Ó ń fi àtàǹpàkò wá àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ rẹ tutù," ló wí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o, nítorí ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Sàlísù lè sọ pé, "Màmá, ẹ forí jì mí, èmi Sàlísù ni, eré ni mò ń ṣe." Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn parí, wọ́n á nà án lẹ́gba díẹ̀, á lọ sílé. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Kò sọ nǹkan kan.

"Ó dáa, má sọ̀rọ̀," ni Ìyá Ìbíwùnmí wí. "Wọ́n ní ẹni tó bá ti lọ kì í sọ̀rọ̀. O ti dì mí mú, ó tó."

Sàlísù rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì pòórá. Ẹ̀yìn rẹ̀ la gbọ́ ohùn Ròkíátù tó ń pariwo nínú kùrukùru, "Ìyá àgbà! Ìyá àgbà o! Ibo lẹ wà?"

Kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, Sàlísù ti gba ẹnu rẹ̀ padà. Adébánjí, tó gbọ́ fèrè méjì létí ara rẹ̀, ti ru báàgì Sàlísù sórí láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ rọ̀gbà yí wọn ká lẹ́nu géètì.

"Ó jáde!" ni Sàlísù ń wí. "Ó ga bí òpó NEPA! Àṣíborí ń bẹ lórí ẹ̀, èéfín ń jáde nínú bàtà ẹ̀. Ó ní, 'Sàlísù, ọmọkùnrin, ìwọ lo ni ọjọ́ òní.' Ló bá bọ̀ mí lọ́wọ́!"

"Ó bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́?" Ròkíátù ti dé láìjẹ́ pé a rí i. Omi ṣì wà lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. "Ọwọ́ wo?"

"Ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún yìí!"

"Ó tutù?"

"Bíi yìnyín!"

Ròkíátù wo ọwọ́ náà. Kò bú u. Ó yí padà, ó sì sáré gba ọ̀nà ilé wọn lọ. Sàlísù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ní àpéjọ àárọ̀, wọ́n fa àsíá sókè dé ìdajì òpó. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé ti yá ẹyẹlé funfun méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó gbé wọn wá nínú agbọ̀n, nítorí ẹyẹlé ni wọ́n máa ń jọ̀wọ́ lọ́jọ́ ìrántí yìí, ní àmì àlàáfíà. Ó ṣí agbọ̀n. Àwọn ẹyẹlé kò jáde. Wọ́n wo kùrukùru, wọ́n fún mọ́ ara wọn.

"Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún àwọn tó kú," ni Sà wí.

A dákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó máa ń pariwo bí ọlọ ata dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ìgbà tí ìgbín kan ń ronú lára ògiri. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó dún, lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

Fín. Fín. Fíììììn.

Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ kékeré di ara wọn mú. Ọwọ́ Sàlísù sáré wọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Fèrè tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀ dáadáa.

Géètì dún. Ìyá Ìbíwùnmí ló wọlé, Ròkíátù dì í lọ́wọ́ mú. Kò mú oúnjẹ. Aṣọ funfun tuntun kan ló ká sórí apá, abẹ kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sà sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ kúùrìn, màmá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, ọmọ mi. Dìde." Ojú rẹ̀ tí kò ríran tó gba orí gbogbo wa kọjá. "Wọ́n ní ọmọ kan wà níbí tí ọkọ mi bọ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ mú un wá fún mi."

Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ Sàlísù. Adébánjí rọra sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Sàlísù jáde síwájú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jáde, àwa tó yí i ká la sún sẹ́yìn.

"Òun nìyẹn?" Ohùn màmá náà dùn, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Má bẹ̀rù. Láti ọdún mẹ́tàdínlógójì, wọn ò mú nǹkan kan wá fún mi lára ọkọ mi. Bí ó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, ara rẹ̀ ti kan ara rẹ. Ròkíátù ti bá mi gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Na ọwọ́ ọ̀tún yẹn wá. Èékánná rẹ̀ ni mo fẹ́, àti irun díẹ̀ ní àtàrí. Èyí ni màá fi sin Bùrẹ́ímọ̀."

"Màmá," ni Sà wí, "èékánná alààyè?"

"Òkú ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èékánná alààyè ni, èékánná òkú náà ni." Ó tẹ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Sàlísù, ó sì ṣí abẹ. "Mi ò ní gé e bí kò bá jẹ́ òtítọ́. Sọ fún mi, ọmọ. Ṣé ọkọ mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́?"

Ìrì ń kán lára òrùlé. Sàlísù wo aṣọ funfun yẹn. Ó wo ìka rẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tó ń rò: bí wọ́n bá sin èékánná rẹ̀ bí èékánná òkú, ta ni wọ́n sin? Bó bá sì jẹ́wọ́, Rédíò Aláìníbátìrì ni títí ayé. Màmá náà sì dúró sójú kan, kò yí ojú kúrò, ó ń retí èsì kan ṣoṣo.

"Irọ́ ni!" Ó bú jáde. "Irọ́ ni mo pa, màmá! Kò bọ̀ mí lọ́wọ́! Mi ò rí i! Èmi ni mo fọn fèrè nínú koríko. Èmi ni mo di yín lọ́wọ́ mú létí títì, nígbà tí tírélà ń kọjá."

Fèrè ìbẹ́pẹ bọ́ lápò rẹ̀, ó bọ́ sórí aṣọ funfun náà.

Ìyá Ìbíwùnmí pa abẹ dé. Ó dàbí ẹni pé ó kéré sí i lójú wa. "Mo gbọ́," ló wí. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó, ọmọ. Ìwọ lo mú mi dìde." Ó kọ etí sí apá fẹ́ǹsì. "Àmọ́ fèrè méjì ni mo gbọ́. Ọ̀kan ni tìrẹ. Èkejì ńkọ́? O pe ènìyàn, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà."

Títí dòní, àwọn kan ní ọmọ darandaran ló ń fọn fèrè rẹ̀ nínú kùrukùru. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé gbé ọwọ́ lé Sàlísù léjìká. Kò pariwo. "Àwọn àgbà ní bí a bá pe òkú ní pópó, alààyè ní í dáhùn. O pe Bùrẹ́ímọ̀, ìyá yìí ló dáhùn, ó sì kù díẹ̀ kí tírélà gbé e lọ. O rò pé o kàn ń pa wá lẹ́rìn-ín lásán ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́: irọ́ tó jẹ́ eré lẹ́nu ẹni tó ń pa á, kì í ṣe eré létí ẹni tó ń retí. Má fi ohun tó ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún gba orúkọ láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ. Ní báyìí, Sàlísù, kúnlẹ̀, kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá."

Sàlísù tẹ orúnkún kan ba. Kò tíì tẹ èkejì tí àwọn ẹyẹlé méjèèjì fi fò yọ nínú agbọ̀n lójijì, gbàlágbàlá, wọ́n fi apá na ojú rẹ̀, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá. Ọmọ tí ẹyẹlé gé ìwọ́ rẹ̀ ké bí ewúrẹ́. Ó bẹ́ dìde, bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀, ó gba àárín wa kọjá, ó gba géètì jáde, ó forí lé inú kùrukùru.

Fèrè rẹ̀ ṣì wà lórí aṣọ funfun níwájú wa, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ a gbọ́ fèrè láti ibi tí Sàlísù sá gbà. Fín. Fín. Fíììììn. A gbọ́ ẹsẹ̀ Sàlísù tó dúró, tó yí padà, tó tún fẹ́ ẹ lọ sí ọ̀nà mìíràn, pà-pà-pà-pà, tó ń dínkù, tó ń dínkù, títí tí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.